Àgádágodo

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń wọn ọmọ ní Ìwáyà.
Òṣùwọ̀n wa rọ̀ láti igi àjà bí ìwọ̀n alápatà,
ṣòkòtò aṣọ kan ló so mọ́ ọn nísàlẹ̀
tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti tọ̀ sí rí.

Mo pè é: Iyùnadé!
Ìyá rẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e wá,
ọmọ ọdún mẹ́ta nínú súwẹ́tà onírun,
nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà.
Mo ní kó bọ́ ọ. Ó ní òtútù ń mú ọmọ.
Òtútù wo?
Èmi gan-an ń làágùn dé gìgísẹ̀.

Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n gbọ̀n, ó gbéra, ó dúró.
Kílò mẹ́jọ.
Oṣù tó kọjá, méje ni, agbára káká.
Inú mi dùn, mo ti gbé bírò
kí n tó gbọ́ irin tó kan irin, kó!
nínú àpò súwẹ́tà.

Àgádágodo ni.
Gbàǹgbà-gbangba, ti ṣọ́ọ̀bù,
ó ti dógùn-ún, kò ní kọ́kọ́rọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú.
Ẹ̀yin lẹ ní bí ọmọ yìí bá tún fúyẹ́
ẹ ó kọ orúkọ mi ránṣẹ́ síjọba.
Ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ń tì, katapílà ìjọba ló wó o.
Ilẹ̀kùn lọ, páànù lọ,
òun nìkan ni mo rí ṣà nínú ẹrẹ̀.
Mo ní bóyá ó lè wúlò fún nǹkan."

Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.
Mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ìyá ọmọ
bí ẹni pé ó gbàgbé oúnjẹ sórí tábìlì ni.

"Kí ló jẹ láàárọ̀?"
"Ó mu omi gààrí."
"Gààrí inú rẹ̀ ńkọ́?"
"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ ìsàlẹ̀.
Òun ló kéré, òun ló mu òkè."

Iyùnadé. Iyùn orí adé.
Mo ká aṣọ sókè, mo ka egungun ìhà rẹ̀ tán:
iyùn dà? Okùn ló kù.
Ta ló tú iyùn ọmọ yìí
tó lọ sín in sórí adé tirẹ̀?
Irun rẹ̀ ti ń pọ́n bí irùngbọ̀n àgbàdo.
Kò sunkún. Ọmọ tó ń sunkún ebi
ṣì gbà pé ẹnìkan á gbọ́;
èyí tó dákẹ́ ló ń lé oorun lójú mi.

Láti ojú fèrèsé wa, èèyàn ń rí afárá gígùn,
ọkọ̀ olówó iyebíye ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.
Bó bá di alẹ́, iná Ìkòyí á nà gbọọrọ lórí ọ̀sà
títí dé ẹsẹ̀ àwọn ilé onípátákó.
Ìmọ́lẹ̀ yẹn ò ṣeé bù fún ọmọ mu.
Rédíò ní owó epo rọ̀bì ti gòkè,
ó ní ó yẹ kí a bá ara wa yọ̀.
Mo yíjú sí bẹ́ǹṣì:
ìyá mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tó yọ̀.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Wọn ò sọ bí yóò ti rí
bí ebi bá kó ẹrù dé,
tó san owó ilé ọdún méjì sílẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ọmọ wà lẹ́yìn mi.
Òfìfo ni láti oṣù Kejì. Mo ṣì ń tì í,
nítorí ojú ayé.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: méje, kò pé.
Mo fa búrẹ́dì mi yọ nínú báàgì, mo fún un.
Ẹ má yìn mí. Bẹ́ǹṣì kún.

Iyùnadé gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.
Ó ki ìyókù bọ àpò súwẹ́tà,
ibi tí irin wà lẹ́ẹ̀kan,
ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀kùn,
ó sì fi ọwọ́ kékeré bo ẹnu àpò náà,
ó tì í pa.